Erékùṣù Tí Wọ́n Fi Ayùn Gé

"Fà á! Mo ní kí o máa fà á, má tì í."

Nazario kò gbé ojú sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ayùn kan mú, omi tó ń rú jáde láti ojú ibi tí wọ́n ń gé sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé itan. Basilia, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló di ọwọ́ kejì mú. Ayùn náà gùn ju èèyàn lọ. Bàbá wọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn, kò sì sí ẹni tó lè dá a lò. Bí ẹnì kan bá tì í dípò kó fà á, yóò ká kò, yóò sì há. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì tí wọn ò kí ara wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe wá di ẹni tó ń fetí sí èémí ara wọn.

"Mi ò tì í o," Basilia dáhùn.

"O tì í. Ṣé o ò jẹun ni?"

"Mo jẹun."

Ó ń tì í lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ebi. Ẹ̀rù ló ń bà á. Gbogbo ìgbà tí ayùn bá ti gba inú gbòǹgbò kọjá ló ń wo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Puno bóyá afẹ́fẹ́ ti fẹ́ jí.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gé erékùṣù náà sí méjì. Gbòǹgbò koríko omi tí wọ́n ń pè ní tótóra, tó gbé wọn léfòó lórí adágún láìsí ilẹ̀ kankan nísàlẹ̀ rẹ̀, nípọn tó ìdúró ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ti gé e kọjá ìdajì. Ilé Nazario àti ìyàwó rẹ̀ yóò kù ní apá ọ̀tún. Ilé Basilia àti Wilber ọkọ rẹ̀ yóò bá apá òsì lọ. Ìyàwó Nazario ti kó gbogbo ọmọ lọ sí Puno, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ilé Màmá Fortunata, ìyá wọn, ló ku síbi tí kò yẹ. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló fi jìnnà sí ojú ayùn, ní apá Nazario. Ilé koríko ni, kò wúwo, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé e síbi tó bá wu ẹni tó ni ín. Àmọ́ láti àná ni wọ́n ti ń bi Màmá pé apá wo ló fẹ́, Màmá ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yípo, ó ń bó pòtétò.

"Màmá, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán," Basilia kígbe sí i. "Ẹ ò tíì sọ ibi tí a máa gbé ilé yín sí."

"Ẹ jẹ́ kí n bó pòtétò mi tán."

"Láti àárọ̀ lẹ ti ń bó o!"

"Ó pọ̀ ni."

Nazario rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dájú lójú tirẹ̀ pé Màmá ò ní kúrò lọ́dọ̀ òun. Ṣebí òun ni àkọ́bí.

Adágún tó ń fà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kẹta nìyí tí òjò ò rọ̀ dáadáa lórí àwọn òkè, omi sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá ìtukọ̀ tí kì í kan ilẹ̀ rárá nígbà ayé bàbá wọn ti ń kan ẹrẹ̀ báyìí kí ó tó wọlé dé ìdajì. Wilber ní kí wọ́n fa gbogbo erékùṣù lọ sí omi jíjìn, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, kó má baà jókòó sórí ẹrẹ̀ kó sì jẹrà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nazario ní láéláé. Ó ní ibi tí bàbá òun kan àwọn èèkàn tó fi okùn di erékùṣù mú sí ni òun máa wà, àti pé afẹ́fẹ́ oṣù kẹjọ yóò gbá ẹni tó bá jáde síta gbangba lọ sí àárín adágún, níbi tí èèyàn kì í rí etí omi mọ́.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí ni, ì bá dára. Àmọ́ níbi ìpàdé àwọn olórí erékùṣù, Wilber pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní Olórí Ẹrẹ̀. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Nazario dìde, ó ní, "Ẹ wo ẹni tó gbé kúbùsù kan ṣoṣo wọ ilé bàbá mi. Kò lè kan èèkàn tí yóò di ewúrẹ́ mú, òun ló wá ń kọ́ mi bí a ṣe ń gbé orí omi." Ẹ̀rín tí wọ́n rín síyẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dọ̀ wa tí à ń gbé orí adágún yìí, bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí láàárín ẹbí, a kì í gba kóòtù lọ. Ilẹ̀ la máa ń gé, oníkálùkù á sì gbé tirẹ̀ lọ.

Wilber ò fèsì lọ́jọ́ náà. Ó kàn wo Basilia láti òdìkejì yàrá, ó sì jókòó. Basilia nìkan ló mọ ìdí tó fi jókòó.

Ní oṣù kẹfà, lọ́jọ́ kan tí Nazario lọ sí Puno, afẹ́fẹ́ jà lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó rọlẹ̀, Basilia àti Wilber rí i pé apá Nazario ń mì ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fa okùn rẹ̀ wò. Okùn náà ń tẹ̀lé wọn wá wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ohunkóhun ní ìdí rẹ̀. Omi tó fà ti jẹ́ kí okùn dẹ̀, erékùṣù sì ti fi mímì tu èèkàn Nazario méjèèjì kúrò nínú ẹrẹ̀. Èèkàn mẹ́rin tí Wilber kàn ní apá òsì nìkan ló di gbogbo wọn mú. Basilia mú okùn mìíràn, ó fi lé ti Nazario kó lè gùn, wọ́n sì fà á gba abẹ́ erékùṣù lọ so mọ́ èèkàn Wilber.

"Ó yẹ kó gbọ́," Wilber sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún un. Èèkàn kíkàn ni gbogbo iyì rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní gbogbo erékùṣù láti wá bá wọn kàn án. Tí wọ́n bá gbọ́ pé tiẹ̀ tú, wọ́n á fi ṣe orin. Màá bá a sọ ọ́ fúnra mi tó bá yá."

Wilber gbà nítorí tirẹ̀. Kò sì tíì yá títí di òní.

Nazario gbé ọwọ́ sókè láti sinmi. Ó lọ bu omi mu nínú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Basilia sáré dé etí erékùṣù, níbi tí Wilber wà nínú ọkọ̀, tó ń ká okùn tó tutù mọ́ apá.

"Èèkàn mélòó lo ti fà tu?" ó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Méjì. Ó ku méjì. Ọ̀kan ni màá fi sílẹ̀ fún un, mo ti gbé okùn rẹ̀ méjèèjì sórí ẹ̀."

"Èèkàn kan! Wilber, Màmá wà níbẹ̀!"

"Fún wákàtí méjì péré ni. Tí mo bá ti fi ẹ́ńjìnnì fa tiwa dé omi jíjìn, màá padà wá kan òmíràn fún un, ì báà bú mi láti orí dé ẹsẹ̀."

"Tí afẹ́fẹ́ bá dé kó o tó padà ńkọ́?"

Wilber wo òkè. "Kì í jí kó tó di aago méjì."

"Sọ fún un, jọ̀ọ́. Ọkùnrin bíi tiẹ̀ ni ọ́."

"Èmi?" Wilber ju okùn sínú ọkọ̀. "Ìwọ lo ní ká má sọ. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò láti pa á lẹ́nu mọ́, mo sì gbé e mì nítorí rẹ. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ìwọ lo bò ó, Basi. Ìwọ ni kó o ṣí i."

Nazario ti padà síbi ayùn, ó ń pè é. Basilia lọ. Ó dì í mú, ó fà á. Ó ń rò ó pé òun á sọ ọ́ tí àwọn bá dé ibi ìdì koríko tó wà níwájú yẹn. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n kọjá, kò sọ nǹkan kan. Ojú ara rẹ̀ tì í.

"Basi," Nazario sọ lójijì, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ibi tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, ẹrẹ̀ òkè ibẹ̀ rọ̀. Kí ọkọ rẹ má dúró síbẹ̀. Kó máa lu èèkàn wọlé títí yóò fi dé ibi tí òòlù á máa ta padà sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ gidi wà."

"Màá sọ fún un."

"Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o." Ó fa ayùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó tún sọ̀rọ̀. "Èèkàn mẹ́rin wà lẹ́yìn ilé mi, lábẹ́ tapólì. Mo gbẹ́ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Igi gidi ni. Gbé wọn sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. Sọ fún un pé o rà á ní Puno."

Omijé kún ojú Basilia, ó sì dorí kodò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má rí i. Ọkùnrin yìí jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ èèkàn mẹ́rin fún ẹni tó pè é ní Olórí Ẹrẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ò ní ẹyọ kan nínú ẹrẹ̀.

Màmá Fortunata ti dìde. Ó wá dúró lórí wọn, ó yọ ewé kóka mẹ́ta tí wọ́n fi ń bọ adágún nínú aṣọ tó so mọ́ ìbàdí, ó tò wọ́n lé ara wọn, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wọn, ó sì jù wọ́n sínú ojú ibi tí ayùn ti kọjá.

"Ìyá Adágún," ó sọ, "àwọn ọmọ mi ń ṣe wàhálà lórí rẹ. Má bínú sí wọn. Orí wọn le, àmọ́ wọn ò burú."

"Màmá, ẹ sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín á bọ́ sínú omi," Nazario sọ.

Màmá ò sún sẹ́yìn. Ó ń wo àwọn ewé náà. Wọ́n kọ́kọ́ dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, jẹ́jẹ́, lọ sí ìhà ìta, sí ìhà gbangba adágún.

Basilia rí i. Ó gbé ojú sókè. Àwọn ẹyẹ omi tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ti wọnú koríko lọ, kò ku ẹyọ kan. Orí tótóra tó wà ní ìhà ìlú ti ń tẹ̀. Aago kan ọ̀sán pàápàá ò tíì lù.

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ayùn sílẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Nazario bi í. "Ó ku ìwọ̀n gígùn apá mẹ́ta péré."

"Mi ò fà á mọ́."

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni? Sinmi díẹ̀."

"Kò rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi, èèkàn yín ti tú."

Nazario rẹ́rìn-ín. "Èèkàn tèmi? Èmi Nazario?"

"Méjèèjì. Kò sí èèkàn tiyín tó di apá yín mú mọ́. Tí a bá gé èyí tó kù tí afẹ́fẹ́ sì dé, ẹ̀yin àti Màmá máa gbéra lọ ni."

"Ọkọ rẹ ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn?"

"Ẹ lọ fa okùn yín wò."

Ó dìde, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ sí etí erékùṣù, ó tẹ̀ ba, ó fa okùn. Okùn náà le, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀ bí ẹni tó jàre. Àmọ́ okùn náà kò lọ sí ibi tó yẹ kó lọ. Abẹ́ erékùṣù ló gbà, ó ń lọ sí apá òsì. Nazario fà á sí i, ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀yìn, títí ojú ibi tí wọ́n ti fi okùn kan lé èkejì fi yọ láti inú omi. Ó dúró, ó wò ó. Ìdì náà jẹ́ alọ́pọ̀ mẹ́ta, wọ́n hun ún bí obìnrin ṣe ń hun irun. Bàbá wọn ló kọ́ Basilia ní ìdì yẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń dì í bẹ́ẹ̀ ní gbogbo adágún.

Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kú.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹfà."

"Ṣáájú ìpàdé."

"Ṣáájú ìpàdé."

"Ọkọ rẹ mọ̀?"

"Òun ló bá mi so ó."

"Ó mọ̀, mo sì ń sọ̀rọ̀ èèkàn àti ewúrẹ́ sí i lójú àwùjọ, ó sì dákẹ́." Nazario jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù. Ó bo ojú. "Oṣù méjì, Basi. Oṣù méjì ni mo fi sùn lórí èèkàn ọkùnrin tí mò ń bú. O rò pé o bò mí láṣìírí? O sọ mí di òmùgọ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Ẹ bínú sí mi lọ́la. Ẹ wo òkè!"

Afẹ́fẹ́ dé kí ó tó pa ẹnu dé. Kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gba orí koríko kọjá, ó ká tapólì ẹ̀yìn ilé kúrò, ó sì fi èjìká kọ lu apá Nazario. Erékùṣù náà yí. Ojú ibi tí wọ́n ti gé là sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun, ó fẹ̀ tó gígùn apá kan, garawa omi yí gbirigbiri wọ inú rẹ̀, ó sì rì. Ìwọ̀n apá mẹ́ta tí wọn ò tíì gé bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbòǹgbò ń já lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nazario fò dìde. "Wilber!" Ohùn rẹ̀ gba orí omi kọjá. "Wilber, má fa èyí tó kù! Àna mi, fi èèkàn sílẹ̀! Gbé ọkọ̀ wá síbí!"

Basilia gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ké. Ọkọ̀ yí orí padà, ó ń fò lórí ìgbì bọ̀. Nazario ti gbé èèkàn mẹ́rin náà lé èjìká méjèèjì. Ó jù wọ́n sínú ọkọ̀, ó bẹ́ wọlé tẹ̀lé wọn, ó gba òòlù ńlá lọ́wọ́ Wilber.

"Dì í mú kó dúró ṣinṣin," ó kígbe. "Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ la máa kàn án sí!"

"Ẹ má fi òòlù fọ́ mi lọ́wọ́ ṣá!"

"Tí mo bá fẹ́ fọ́ nǹkan kan, orí rẹ ni màá fọ́. Dì í mú!"

Basilia ò dúró wò wọ́n. Ó mú okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán erékùṣù. Ó ń fi igi tó mú gún ìhà kan, ó ń ki okùn bọ̀ ọ́, ó ń ju orí okùn kọjá omi sí Màmá. Màmá Fortunata, tí ọdún rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin, dojú bolẹ̀ lórí koríko, ó ń fà á, ó ń jù ú padà. Fìlà rẹ̀ bọ́, ó já sínú omi, adágún gbé e lọ. Kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ Basilia bó. Ó ń gbàdúrà sí Ọlọ́run, ó ń gbàdúrà sí Ìyá Adágún, ó ń ka ìlù òòlù tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Èèkàn kìíní wọlé. Èkejì pẹ́. Ìgbà tí ìkẹta wọlé, erékùṣù ta kìjí, ó dúró.

Wọ́n kan ìkẹrin pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ jà títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, okùn ń ké, ojú ibi tí wọ́n rán ń nà, ó ń sún, kò já.

Nígbà tó rọlẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì gun orí koríko wá, omi ń kán lára wọn. Màmá bu pòtétò gbígbóná àti ẹja kéékèèké sí àwo kan ṣoṣo, ó gbé e síwájú wọn. Wọ́n wo àwo náà, wọ́n wo ara wọn, ebi sì pa ìjà. Wọ́n jẹun.

"Màmá," Basilia sọ, ó ń fi aṣọ di ọwọ́, "ojú ń tì mí. Ó kù díẹ̀ kí n fi ìdákẹ́ pa yín."

"Mo mọ̀ láti oṣù kẹfà," Màmá dáhùn.

Gbogbo wọn gbé orí sókè.

"Kí ni ẹ mọ̀?"

"Bàbá yín kọ́ ilé mi kí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Puno lè máa wà láàárín ẹnu ọ̀nà mi gangan. Ogójì ọdún ni mo fi ń jí rí i. Ní oṣù kẹfà mo jí, ó ti sún sí apá ọ̀tún. Mo mọ̀ pé ohun tó di mí mú ti yí padà. Mi ò mọ ẹni tó wá di okùn náà, mo sì ń retí pé kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi sọ fún mi."

"Ẹ ò wá sọ nǹkan kan?" Nazario bi í.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Nazario wo Wilber, ó wo ilẹ̀. "Èèkàn rẹ le," ó sọ níkẹyìn. "Mo sọ ọ́ níbi ìpàdé pé kò le. Màá sọ ọ́ níbi ìpàdé pé ó le."

"Ẹrẹ̀ ṣì ń ga sí i o, ẹ̀gbọ́n," Wilber dáhùn.

"Mo mọ̀. Lọ́la a máa jọ wọn bí omi ṣe jìn tó. Mi ò tíì sọ pé mo gbà o."

Màmá Fortunata dìde, ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ó yá, mo ti bó pòtétò mi tán," ó ní. "Ẹ bọ̀ wá gbé ilé mi."

Nazario nu ẹnu. "Sí apá wo, Màmá?"

Màmá na ọwọ́. Wọ́n wo ibi tó nà án sí. Kì í ṣe ọ̀tún, kì í ṣe òsì. Ojú ibi tí wọ́n fi okùn rán ni, gangan.

"Síbẹ̀ yẹn? Omi á máa rú wọlé sí yín!"

"Ẹ ó máa tẹ́ koríko tuntun fún mi. Lójoojúmọ́. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Tí ọ̀rọ̀ ò bá tún wọ̀, tí a fẹ́ gé e tán ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ wá jí mi."

Wilber ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára di igun kan mú. Nazario di èkejì mú, ó ń mi orí. Basilia fi ọwọ́ tó bó di ìkẹta. Wọ́n gbé ilé koríko náà, wọ́n rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí okùn. Màmá ní kí wọ́n yí i díẹ̀. Wọ́n yí i. Ó tún ní kí wọ́n yí i sí i, títí ilé agogo fi padà sí àárín ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Basilia wá ayùn náà lọ. Ó ti há sínú gbòǹgbò, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá òun fà á jáde. Ó nu omi ara rẹ̀ nù, ó fi ọ̀rá pa á kó má baà dípẹtà, ó gbé e wọ ilé Màmá, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn rẹ̀.